Ẹ Bi Wá Léèrè: Bí Mágásínì Orin Ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Fẹ́ńdọ̀ Kí Ilẹ̀ Ọjọ́bọ Tó Mọ́

Orí iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìbéèrè tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí dá lé: títẹ mágásínì orin jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àti títà á. Àwọn tó fẹ́ dá tiwọn sílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ̀wé. A tún rí lẹ́tà fẹ́ńdọ̀ kan gbà láti Ìkòròdú, àti ti ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní London. A ti ké àwọn ìbéèrè náà kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ojú ìwé 30 la kó lọ bá atẹ̀wé wa. Ó ní kò ṣeé ṣe, àfi 28 tàbí 32. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ fi gbowó lọ́wọ́ wa? (Abẹ́òkúta)

Ẹ má bínú sí i, òótọ́ ló sọ. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan láàárín bí ìwé ìpè ìyàwó. Ojú mẹ́rin ló ní: iwájú, ẹ̀yìn, àti méjì nínú. Mágásínì tí wọ́n fi píìnì dè láàárín, irú bébà àṣẹ́po bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kì bọ inú ara wọn. Ojú kan kì í dá wọlé, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń rìn. Ìdí nìyẹn tí 28, 32 àti 36 fi ṣeé ṣe, tí 30 ò sì ṣeé ṣe. Bí ọ̀rọ̀ yín bá parí sí 30 lóòótọ́, ìpolówó ojú méjì ni kí ẹ wá kún un, ẹ má fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ẹ wá mú bébà tó tóbi díẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú 16 nìyẹn. Ẹ má gé e o. Ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà sí igun ojú kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 16, kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Nọ́ńbà á fọ́n káàkiri: 1 á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 16, 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 13, 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 12, 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 9, àwọn kan á sì dorí kodò. Ojú méjì tí ẹ̀yìn ìwé so pọ̀, bí ẹ bá ro nọ́ńbà wọn pọ̀, 17 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí kò bá jẹ́ 17, ẹ ti ṣì í kọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe olóòtú ìwé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi ṣẹ́ bébà yìí, torí ohun tó máa rí níbẹ̀ ni yóò sọ fún un ìgbà tí ìròyìn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí.

Mágásínì olójú 32 jẹ́ bébà ńlá méjì irú èyí, ọ̀kan nínú èkejì. Bébà òde ló gbé ojú 1 sí 8 àti 25 sí 32. Bébà inú ló gbé 9 sí 24. Ẹ ò lè tẹ ojú 3 kí ẹ dá ojú 30 dúró, ara kan náà ni wọ́n. Nítorí náà, ohun tí kì í tètè sá, bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gígùn, ìtàn olórin àtijọ́, àti àwòrán ńlá tí àwọn èèyàn ń yọ lẹ̀ mọ́ ògiri, bébà inú ni kí ẹ kó wọn sí. Àárín gan-an, 16 àti 17, ni àwòrán ńlá yẹn ń gbé, torí ibẹ̀ nìkan ni ojú méjì ti jẹ́ bébà kan láìsí àlàfo. Ìròyìn òde àríyá, àwo tuntun àti àtẹ orin tó ń tà, bébà òde ni tiwọn, torí òun ni wọ́n máa tẹ̀ gbẹ̀yìn. Èèpo ìwé, ojú mẹ́rin tó nípọn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tẹ ìyẹn.

Ẹ̀dà 5,000 la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ojú 32, aláwọ̀ mèremère. Ẹ jọ̀ọ́, iye bébà àti pléètì wo ló máa gbà, kí wọ́n má baà rẹ́ wa jẹ ní Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó? (Ìlọrin)

Bébà ńlá méjì fún ẹ̀dà kan, ìlọ́po 5,000, ó di 10,000. Bébà 500 ló wà nínú ríìmù kan, torí náà ríìmù 20 ni. Ẹ fi ìkan kún un fún èyí tó máa bà jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń tún àwọ̀ ṣe lórí ẹ̀rọ, ó di 21. Ẹni tó bá ní 25 ni kó mú wá, kó sọ ibi tí mẹ́rin tó lé yẹn ń lọ. Bébà gíráàmù 80 tàbí 90 tó fún inú. Èèpo, kó wà láàárín 170 sí 200.

Iye pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé ojú ìwé lé kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́, sinmi lórí ẹ̀rọ. Àwọ̀ mẹ́rin ni atẹ̀wé ń lò: búlúù sáyánì, pupa màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú, pléètì kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé GTO 52 gba ojú A4 méjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ Kord gba mẹ́rin, àwọn ẹ̀rọ ńlá bíi Speedmaster 102 gba mẹ́jọ. Nítorí náà, inú ìwé yín máa gba pléètì 64 lórí GTO, 32 lórí Kord, 16 lórí ẹ̀rọ ńlá. Èèpo, ẹ ní kí wọ́n to ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí pléètì mẹ́rin ti Kord, kí wọ́n tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n yí bébà padà, kí wọ́n fi pléètì kan náà tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọ́n bá là á sí méjì, èèpo méjì ló máa jáde. Bébà 2,500 péré ló máa gbà.

Ohun tó ń pa ìwé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gan-an kì í ṣe pléètì, wákàtí ni. Kord aláwọ̀ kan gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́rin. Lórí rẹ̀, ẹ̀dà kan jẹ́ bébà mẹ́rin, ẹ̀dà 5,000 jẹ́ 20,000, ẹ̀gbẹ́ méjì ní àwọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ó di ìtẹ̀ 160,000. Bó bá ń sáré 5,000 ní wákàtí kan láìdúró, wákàtí 32 nìyẹn, ẹ ò sì tíì ka ìgbà tí iná lọ tí wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ dìde. Ẹ̀rọ ńlá aláwọ̀ mẹ́rin máa tẹ bébà 10,000 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ìtẹ̀ 20,000. Bó bá ń sáré 8,000, wákàtí méjì ààbọ̀ ló máa gbà. Owó rẹ̀ lè ga lójú, àmọ́ ẹ̀rọ kékeré tó máa mú ìwé yín jáde lọ́jọ́ Ẹtì ló wọ́n jù. Bí ọwọ́ yín ò bá tíì tó ẹ̀rọ ńlá, ẹ tẹ èèpo ní aláwọ̀, kí inú jẹ́ dúdú nìkan. Ìtẹ̀ 40,000 ni, wákàtí mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá ló ti jáde báyẹn tí èèyàn sì rà á, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Àbámẹ́ta ni òde àríyá, Ọjọ́bọ ni ìwé ń jáde. Báwo la ṣe máa pín ọ̀sẹ̀ sí i? (Ìbàdàn)

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ẹ̀yìn. Aago márùn-ún àárọ̀ Ọjọ́bọ, ìwé gbọ́dọ̀ wà níbi tí àwọn fẹ́ńdọ̀ ti ń gba ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá dé aago méje ti pàdánù, torí fẹ́ńdọ̀ ti gba tiẹ̀, ó ti lọ síbi ìtajà. Bí ìwé bá máa dé Ìbàdàn tàbí Òṣogbo láti Èkó ní aago márùn-ún, ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ gbéra kí òru Ọjọ́rú tó jìn. Ìyẹn ni pé píìnì àti gígé etí gbọ́dọ̀ parí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́rú. Ìṣẹ́po, píìnì àti gígé ẹ̀dà 5,000 gba nǹkan bí wákàtí mẹ́fà bí wọ́n bá fọwọ́ ṣe é pẹ̀lú èèyàn tó pọ̀, torí náà aago mẹ́ta ọ̀sán ni iṣẹ́ yìí ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú: wọ́n gbàgbé pé íǹkì gbọ́dọ̀ gbẹ. Bébà dídán tí wọ́n tẹ̀ tán tí wọ́n ṣẹ́ po lójú ẹsẹ̀, àwòrán ojú kan á fi íǹkì rẹ̀ yí ojú kejì, ojú olórin yín á wá ní àbàwọ́n bí ẹni tí iná rà. Ẹ fún un ní wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò. Òjò yìí kan náà ló ń jẹ́ kí bébà fà omi inú afẹ́fẹ́, kó fẹ̀ díẹ̀ láàárín àwọ̀ kan sí òmíràn, tí pupa á fi yẹ̀ kúrò lórí búlúù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé bébà wọ yàrá ẹ̀rọ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí wọ́n má tú ọ̀rá rẹ̀ títí wọ́n á fi fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, bébà òde gbọ́dọ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́rú tó lù, ìyẹn ni pé òru Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun sì ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí pátápátá. Bébà inú àti èèpo, kí ọ̀rọ̀ wọn parí ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, kí wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ Ajé. Akọ̀ròyìn tó lọ òde lálẹ́ Àbámẹ́ta ní Sọ́ńdè láti sùn àti láti kọ̀wé, òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé. Olóòtú á tún un ṣe, ẹni tó ń to ojú ìwé á gbé e sí ipò rẹ̀, àárọ̀ Ìṣẹ́gun ni ẹni kẹta tí kò kà á rí á kà á lórí bébà. Ẹ tẹ ẹ̀dà àyẹ̀wò jáde, ẹ má kà á lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Ojú tó ti wo kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ kì í rí àṣìṣe mọ́.

Ẹ ka wákàtí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mọ́ ọn pẹ̀lú. Ohùn wákàtí kan tí ẹ gbà sínú fóònù, wákàtí mẹ́rin ló ń gbà láti kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀ròyìn tó bá sọ pé òun fẹ́ bá olórin sọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́ta ní ọ̀sán Ajé fún ìwé Ọjọ́bọ, ẹ ní kó gbé e dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ dúdú inú ìwé wa máa ń ní òjìji pupa tàbí búlúù létí, àwòrán náà sì máa ń rí bàìbàì. Atẹ̀wé ní ẹ̀bi wa ni. (Àkúrẹ́)

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi jẹ́ tiyín. Dúdú tí ẹ ń rí lórí kọ̀ǹpútà lè jẹ́ àwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n pò pọ̀. Bí ẹ̀rọ bá yẹ̀ bí irun orí lásán, lẹ́tà kékeré á ní òjìji. Ẹ lọ sí ibi àwọ̀ nínú ẹ̀rọ ìto-ojú-ìwé, kí ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di dúdú 100, kí sáyánì, màjẹ́ńtà àti yẹ́lò jẹ́ òdo. Kí ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́, ẹ fi dúdú pamọ́ kó má hàn nínú ìwòye àwọ̀, ibi tí ẹ ti lè wo àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣì hàn lójú ìwé, àwọ̀ míì wà nínú rẹ̀.

Ní ti àwòrán, ẹ̀bi WhatsApp ni nígbà púpọ̀. Ó máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè tètè lọ. Àwòrán tí ìgùn rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 1,600 kò kọjá sẹ̀ǹtímítà 13 àti díẹ̀ lórí bébà bí ẹ bá fẹ́ kó mọ́ dáadáa ní píksẹ́lì 300 fún ínǹṣì kan. Èèpo A4 pẹ̀lú mìlímítà mẹ́ta àlékún ní etí kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ píksẹ́lì 2,551 ní ìbú àti 3,579 ní ìgùn. Ẹ ní kí ayàwòrán fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì tàbí nípa íméèlì. Mìlímítà mẹ́ta yẹn, ẹ má yọ ọ́ o. Ọ̀bẹ kì í gé déédéé ní gbogbo ìgbà, láìsí i, ìlà funfun á yọ létí èèpo. Kí ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí etí tó mìlímítà mẹ́wàá, torí àwọn ojú ìwé àárín máa ń yọ síta ju tòde lọ bí a bá ṣẹ́ wọn po, ibẹ̀ ni ọ̀bẹ ti ń jẹ nọ́ńbà ojú ìwé.

Àmì ohùn wa máa ń di àpótí kékeré tàbí kó já bọ́ bí ìwé bá dé ilé ìtẹ̀wé. Àwọn kan ní ká kúkú máa kọ ọ́ láìsí àmì. Kí lẹ wí? (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ má yọ ọ́. Ẹ wo àkọlé yìí: *Olórin obìnrin gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.* Ẹ̀bùn ni, inú gbogbo èèyàn dùn. Ẹ yọ àmì kan ṣoṣo tó wà lórí ọkọ̀: *Olórin obìnrin gba ọkọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.* Ẹ ti sọ ọ́ di olè ọkọ, lọ́yà rẹ̀ á sì wá yín dé ọ́fíìsì. Ìwé tó ń sọ ti orin, tó ń sọ ti èèyàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ohùn, kò gbọ́dọ̀ fi ohùn ṣeré.

Ibi tí wàhálà ti ń wá rèé. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní ipò tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní. Lẹ́tà náà àti àmì rẹ̀ ni wọ́n kọ tẹ̀lé ara wọn, fọ́ǹtì ló máa gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe fún èyí á gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó fi àpótí rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó yan fọ́ǹtì kankan, ẹ fi gbólóhùn yìí dán an wò, ní lẹ́tà kékeré àti ní lẹ́tà ńlá: *Ọ̀ṣọ́ọ́rọ̀ ẹ̀ẹ́rùn ẹ́ ò ń mú ìgbẹ́ ńṣẹ́ ǹjẹ́.* Kò ní ìtumọ̀, àmọ́ gbogbo ibi tí fọ́ǹtì ti ń yà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bó bá yege, ẹ di fọ́ǹtì náà mọ́ inú PDF, kí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé má baà fi tiẹ̀ rọ́pò. Àkọlé ńlá ti èèpo, ẹ sọ ọ́ di àwòrán ìlà tí kò nílò fọ́ǹtì mọ́, kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ sì fún ìlà láàyè: lẹ́tà tó jẹ́ póìǹtì 10, kí ìlà rẹ̀ jẹ́ póìǹtì 13 tàbí 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì ìlà ìsàlẹ̀ á máa gún ẹsẹ̀ ìlà òkè.

Orúkọ olórin, ẹ béèrè lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ bó ṣe ń fi àmì sí i. Ẹ ní ìwé kan ní ọ́fíìsì tí ẹ kọ gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn sí, kí ẹni mẹ́ta má baà kọ ọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta láàárín oṣù kan.

Báwo la ṣe lè ṣe àtẹ orin mẹ́wàá tó ń tà jù tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé a gba rìbá? (Ṣàgámù)

Ọ̀nà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ṣì wúlò. Ní ọdún 1952 ní London, Percy Dickins ti New Musical Express (NME), mágásínì orin ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan, fi fóònù pe nǹkan bí ilé ìtajà rẹ́kọ́ọ̀dù 20, ó ní kí wọ́n ka àwo mẹ́wàá tó ń tà jù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fún wọn ní máàkì, wọ́n ro ó pọ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ni àtẹ náà jáde, orin Al Martino ló ṣíwájú. Àtẹ ipò 12 ni, ṣùgbọ́n orin 15 ló wà nínú rẹ̀ torí àwọn kan bára dọ́gba, wọn ò sì já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láti jẹ́ kó rí mọ́lẹ̀ tónítóní. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ yan olùtajà 20 ní ìlú tó yàtọ̀ síra, kì í ṣe ọjà Alábà ní Èkó nìkan. Ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà ni kí ẹ máa pè wọ́n. Ẹ má bi wọ́n pé orin wo ló gbòde, torí orin tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n máa dá. Ẹ ní, "Mélòó lẹ tà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?" Ipò kìn-ín-ní gba máàkì 10, ìkejì 9, títí dé ìkẹwàá tó gba 1. Àbùkù ọ̀nà yìí ni pé ẹni tó ta 200 àti ẹni tó ta 10 ń gbé máàkì kan náà wá. Iye tí wọ́n tà gan-an ló sàn jù, bí wọ́n bá ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ orúkọ àwọn olùtajà náà. Ọjọ́ tí àṣírí bá tú, mánéjà olórin á rán ọmọ lọ ra àwo rẹ̀ ní ibi 20 náà. Àwọn tó ń da orin sí mẹ́mọ́rì káàdì ní gáréèjì mọ ohun tí awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, pàápàá ní ti fújì àti àpàlà. Ẹ lè bi wọ́n, àmọ́ ẹ ya tiwọn sọ́tọ̀, kí ẹ pè é ní orin tí wọ́n ń béèrè jù. Ìyẹn kì í ṣe ọjà títà, olórin ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Fẹ́ńdọ̀ ni mí. Ọ̀sẹ̀ kan ìwé orin á tán kí n tó jẹun àárọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ó lé ní ìdajì tó máa ṣẹ́kù. Ẹ̀dà mélòó ni kí n máa gbà? (Ìkòròdú)

Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ fa ìlà mẹ́rin sí i: iye tí ẹ gbà, iye tí ẹ tà, aago tó tán, ẹni tó wà lójú èèpo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ro iye tí ẹ tà pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ fi bí ìdá mẹ́wàá kún un. Bí ẹ bá ta 40, 34, 46 àti 40, ogójì ni ìpíndọ́gba, 44 tàbí 45 ni kí ẹ gbà. Bó bá tán kí oòrùn tó kan àtàrí lọ́sẹ̀ méjì léra, ẹ fi márùn-ún lé e. Ìlà kẹrin yẹn ló ṣe pàtàkì jù: ẹ máa rí i pé olórin kan wà tó ń tán ìwé ní àdúgbò yín tí kì í tà ní òpópónà kejì. Ẹ sọ fún ájẹ́ǹtì yín. Olóòtú tó gbọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ní ti ẹ̀yin tó ń tẹ̀ ẹ́, òkùtà, ìwé tí kò tà, ni ọ̀tá yín, ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí, ẹ fi ti ọ̀dọ̀ yín rọ́pò. Ká ní pléètì àti ìmúrasílẹ̀ ẹ̀rọ jẹ́ ₦600,000, tí bébà àti ìtẹ̀ ẹ̀dà kan jẹ́ ₦480. Ẹ̀dà 5,000 á jẹ́ ₦3,000,000. Ẹ ń tà á ní ₦1,000, ájẹ́ǹtì àti fẹ́ńdọ̀ jọ ń gba ìdá 35 nínú 100, ₦650 ló ń dé ọwọ́ yín. Bí 3,200 bá tà, ₦2,080,000 wọlé. Ẹ ti jìn sí kòtò ₦920,000 kí ìpolówó tó gbà yín. Bí ẹ bá dín in kù sí 3,800, ìnáwó á di ₦2,424,000. Ká ní ìwé tán níbi kan, tí títà wá wálẹ̀ sí 3,000, ₦1,950,000 á wọlé. Kòtò náà á ku ₦474,000. Ẹ̀dà 200 lẹ pàdánù, ₦446,000 lẹ rí gbà padà. Ẹni tó ń fi iye tó tẹ̀ yangàn, bébà ló ń tà, kì í ṣe ìwé ìròyìn.

Ẹ kọ òfin òkùtà sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́bọ tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń dá a padà, nígbà tí wọ́n bá wá gba tuntun, ẹ má gba ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya apá òkè èèpo tó ní orúkọ ìwé àti déètì wá, kí owó ọkọ̀ má baà ju owó ìwé lọ. Ṣùgbọ́n ní ìlú yín, odindi ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì wo píìnì rẹ̀. Ìwé tí píìnì rẹ̀ ti ṣí, tí igun rẹ̀ ti ká, wọ́n ti yá a fún èèyàn mẹ́wàá kà kó tó padà wá, ẹ má sanwó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé kò ní dára ká máa pín in lọ́fẹ̀ẹ́, kí ìpolówó máa gbọ́ bùkátà? (Peckham, London)

Ibi tí ẹ wà yẹn ni wọ́n ti dán an wò. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni NME di ọ̀fẹ́, wọ́n ń pín in ní ibùdókọ̀ ojú irin àti ní yunifásítì. Oṣù kẹta ọdún 2018, ẹ̀dà orí bébà ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dópin. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ nìkan ló fà á, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni òǹkàwé àti olùpolówó ti kó lọ. Síbẹ̀, ìwé tí wọ́n ń rà ní ẹsẹ̀ méjì. Ti ọ̀fẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ló ní.

Olórin kan fẹ́ sanwó kí àwòrán rẹ̀ lè wà lójú èèpo. Ṣé ká gbà á? (Ìjẹ̀bú-Òde)

Rárá. Ẹ ta èèpo ẹ̀yìn fún un, kí ẹ kọ "Ìpolówó" sí òkè rẹ̀ gàdàgbà. Iwájú kì í ṣe ọjà. Fẹ́ńdọ̀ á mọ̀ kí òǹkàwé tó mọ̀, torí ọ̀sẹ̀ yẹn ni òkùtà á pọ̀ jù.

Ṣé a lè kọ odindi ọ̀rọ̀ orin sínú ìwé, níwọ̀n ìgbà tí a dárúkọ ẹni tó kọ ọ́? (Èkìtì)

Dídárúkọ kò tó. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022 fàyè gbà yín láti fa ìlà díẹ̀ yọ nígbà tí ẹ bá ń ṣe àyẹ̀wò orin. Odindi rẹ̀, ẹ gba àṣẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán tí ẹ rí lórí Instagram: ti ayàwòrán ni, kódà bó bá jẹ́ olórin fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀.

Òkùtà wa ti kún yàrá. Kí la lè fi ṣe? (Òṣogbo)

Ẹ kọ́kọ́ yọ 20 tó mọ́ jù nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí ẹ tó ta ìyókù fún àwọn tó ń ra bébà àlòkù. Ẹ tò wọ́n ní ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n má fara kan sìmẹ́ńtì, torí ọ̀rinrin máa ń lẹ bébà dídán pọ̀ tí kò ní ṣeé ṣí mọ́. Lópin ọdún, ẹ di 52 pọ̀, èèpo líle, orúkọ ìwé àti ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ilé ìkàwé yunifásítì, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí fújì, jùjú, wákà àti sákárà, àti ẹbí àwọn olórin tó ti lọ ló ń wá irú rẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì gba ISSN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé tó ń jáde léraléra, ní Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà, ẹ lọ gbà á kí ẹ tó di ìdìpọ̀ àkọ́kọ́. Nọ́ńbà oníye mẹ́jọ ni, ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àmì onílà-dúdú tó ń fi 977 bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó ẹ̀dà tí òfin ní kí ẹ kó síbẹ̀ fún wọn pẹ̀lú, kí ẹ sì fi méjì pamọ́ sí ilé tó yàtọ̀ sí ọ́fíìsì.